Ọ̀rọ̀ Ẹbí, Owó Ọ̀yà: Lámèyítọ́ Ìtàn Jákọ́bù Nílé Lábánì

Ogún ọdún ni Jákọ́bù fi sin Lábánì, arákùnrin ìyá rẹ̀, ní Háránì. Ìtàn náà wà nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, láti orí 29 dé orí 31, kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rí. Bí oníwàásù bá mú un, sùúrù ló sábà máa ń fi kọ́ ìjọ: Jákọ́bù rọ́jú, Ọlọ́run sì bù kún un. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó ni, ìfẹ́ Rákélì ni wọ́n máa ń fà yọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, owó iṣẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn fà. Wọ́n dá owó iṣẹ́, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé e sá, wọ́n jà lé e lórí, wọ́n sì pínyà láìyanjú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé apìtàn náà mọ̀ọ́mọ̀ mú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà rìn pọ̀. Níbikíbi tí Lábánì bá ti pe Jákọ́bù ní ara ilé, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni kí owó iṣẹ́ Jákọ́bù dín kù. Àwọn àgbà ní àdàpè olè ní í jẹ́ "ọmọ ń fẹ́wọ́". Nínú ìtàn yìí, "ẹbí" ni àdàpè náà. Ibi tí ọgbọ́n apìtàn ti wá ga jù ni bí ó ṣe pa ẹnu òṣìṣẹ́ yìí mọ́ fún ọdún gbọọrọ kó tó jẹ́ kó ṣírò iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí.

Eré tí Lábánì sá lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lábánì sáré pàdé àlejò nínú Jẹ́nẹ́sísì. Ti àkọ́kọ́ wà ní orí 24, nígbà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù wá wá ìyàwó fún Ísáákì. Apìtàn kò fi ohun tó lé Lábánì sáré pa mọ́: ó rí òrùka àti ẹ̀gbà wúrà lára Rèbékà, arábìnrin rẹ̀, ó bá àlejò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ràkúnmí rẹ̀ létí omi, kíá ló ti ń pè é ní ẹni ìbùkún tó ń ní kó máa bọ̀ nílé. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni ti orí 29. Ó gbọ́ pé ọmọ Rèbékà dé, ó sáré, ó dì mọ́ ọn, ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó mú un wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ràkúnmí, kò sí wúrà. Gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù ṣe rántí ní orí 32, ọ̀pá nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sá fún Ésáù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Apìtàn kò sọ pé ojú Lábánì fà ro. Ó kàn jẹ́ kí Jákọ́bù ro gbogbo ẹjọ́ ara rẹ̀ tán, kí Lábánì sì gbà pé egungun àti ẹran ara òun ni ọmọ yìí lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Oṣù kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí Lábánì tó béèrè bóyá torí pé ó jẹ́ ìbátan òun ni yóò ṣe máa sin òun lọ́fẹ̀ẹ́. Kó sọ iye tí yóò gbà. Ìbéèrè yìí ló kọ́kọ́ tú u síta pé iṣẹ́ ni Jákọ́bù ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Lábánì ló kọ́kọ́ dárúkọ owó nínú ìtàn náà, ẹnu àánú ló sì fi dárúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Jákọ́bù ò jẹ́ ọmọ ilé mọ́, kò sì tíì di alágbàṣe pátápátá. Àárín méjèèjì ni wọ́n gbé e sí, àárín yẹn gan-an ni wọ́n sì ti rí i rẹ́ jẹ.

Àdéhùn tí a kò dárúkọ sí

Jákọ́bù kò ní owó orí tí yóò san. Agbára rẹ̀ nìkan ló ní. Ó ní òun yóò fi ọdún méje sìn nítorí Rákélì, ọmọ Lábánì, èyí àbúrò. Ẹ wo bó ṣe là á mọ́lẹ̀: ó dárúkọ ọmọbìnrin náà, ó sọ ọmọ ẹni tí í ṣe, ó sọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tan èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú irú ìṣọ́ra báyìí, Jákọ́bù sì mọ̀ ọ́n.

Ìdáhùn Lábánì ńkọ́? Ó ní ó sàn kí òun fi í fún un ju kí òun fi í fún ẹlòmíràn lọ. Kó jókòó ti òun. Kò dárúkọ Rákélì. Kò fẹnu kan ọdún méje. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. Bí ẹjọ́ bá dé iwájú adájọ́, kò sí ibi tí wọn yóò ti ká ìlérí kan pàtó mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò sì ní kí arákùnrin ìyá òun tún ọ̀rọ̀ sọ níwájú ẹlẹ́rìí? Ìtìjú ẹbí ti pa ẹnu ẹni tí ì bá béèrè.

Ọdún méje pé, Lábánì se àsè, ó pe gbogbo ará ibẹ̀ jọ. Ilẹ̀ ṣú, Léà, ẹ̀gbọ́n Rákélì, ló mú wọlé tọ ọkọ ìyàwó. Ilẹ̀ mọ́, Jákọ́bù rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fa ìbínú yọ, ohun tó gbọ́ ni pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, wọn kì í fi àbúrò fọ́kọ ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ó ṣeé ṣe kí àṣà ibẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi ọdún méje ni Lábánì fi ní àyè láti sọ ọ́, tí kò sọ ọ́. Àṣà tí a fi pa mọ́ títí iṣẹ́ fi parí ti di tàkúté. Àwọn tó jẹ àsè lálẹ́ ọjọ́ náà sì ti di ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó Léà kí ọkọ ìyàwó tó jí. Lábánì wá gbé iye tuntun kalẹ̀: kó parí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó Léà, yóò gba Rákélì pẹ̀lú, yóò sì tún fi ọdún méje mìíràn sìn.

Yorùbá tó bá mọ ètò ìwọ̀fà yóò rí ibi tí ìwà Lábánì ti burú jáì. Ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ pé èlé ni iṣẹ́ òun, pé owó tí a yá kò ní dín títí a ó fi san án. Jákọ́bù kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni owó. Nígbà tí Lábánì pààrọ̀ ìyàwó mọ́ ọn lọ́wọ́, ńṣe ló sọ iṣẹ́ ọdún méje di èlé lásán lẹ́yìn tó ti gbà á tán, ó sì ní kí gbèsè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

A kò lè sọ pé Jákọ́bù kò gbin irú èso yìí rí. Ní orí 27, ó fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ àti ọrùn, ó wọ aṣọ Ésáù, ó sì lo ojú tó ti ṣókùnkùn mọ́ Ísáákì bàbá rẹ̀ lára láti gba ìre àkọ́bí. Níbẹ̀, àbúrò ló dúró ní ipò ẹ̀gbọ́n níwájú ẹni tí kò ríran. Níbí, ẹ̀gbọ́n ló dúró ní ipò àbúrò nínú òkùnkùn. Àwọn rábì tí ìtumọ̀ wọn wà nínú Jẹ́nẹ́sísì Rábà fa ọ̀rọ̀ yìí gùn: wọ́n ní nígbà tí Jákọ́bù pe Léà ní ẹlẹ́tàn ọmọ ẹlẹ́tàn, Léà bi í bóyá olùkọ́ wà tí kò ní ọmọ iṣẹ́, ṣebí Ésáù ni bàbá rẹ̀ pè tí Jákọ́bù sì dáhùn. Èsan wà nínú ìtàn náà dájúdájú. Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi èsan bo owó mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Jákọ́bù ṣẹ Ésáù kì í ṣe gbèsè tó jẹ Lábánì, kò sì sẹ́ni tó rán Lábánì ní iṣẹ́ agbowó.

Ọdún kan náà, ìròyìn méjì

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni apìtàn fi fo ọdún méje àkọ́kọ́: ó ní ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n jọ lójú Jákọ́bù nítorí ìfẹ́ tó ní sí Rákélì. Gbólóhùn yìí ló gba ọkàn àwọn tó tún ìtàn náà sọ lẹ́yìn náà. Luís de Camões, akéwì ilẹ̀ Potogí ní ọ̀rúndún 16, kọ ewì kúkúrú kan tó lókìkí lórí ọdún méje tí Jákọ́bù fi daran, ìfẹ́ tí kì í ṣàárẹ̀ ló sì fi ewì náà gbé lárugẹ. Hendrick ter Brugghen, ayàwòrán ará Netherlands, ya Jákọ́bù ní 1627 níbi tó ti ń bá Lábánì jà lórí Léà tí wọ́n fi rọ́pò Rákélì; àwòrán náà wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì dá ìtàn dúró síbi ìfẹ́ àti ìjákulẹ̀ ọkọ ìyàwó.

Apìtàn fúnra rẹ̀ kò dá a dúró síbẹ̀. Ní orí 31, ó tún mú ọ̀rọ̀ ọdún wọ̀nyí wá, ẹnu Jákọ́bù ló sì fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Jákọ́bù ní oòrùn ń jẹ òun run lọ́sàn-án, òtútù ń gbo òun lóru, oorun sì ń sá fún ojú òun. Háránì wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa tí ooru ibẹ̀ máa ń le nígbà ẹ̀rùn, tí òtútù sì máa ń mú lóru nígbà òtútù. Kò sí àsọdùn nínú ohun tí darandaran náà wí.

Ọdún tó dà bí ọjọ́ díẹ̀ ní orí 29 wà lára ọdún tí oorun kò kun ojú rẹ̀ ní orí 31. Ìròyìn méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ọkàn ló ka ọdún ní ìṣáájú, ara ló wá kà á nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí apìtàn ṣe tò wọ́n ló jẹ́ ọgbọ́n. Ó kọ́kọ́ fún òǹkàwé ní ìròyìn tó dùn, ó jẹ́ kí a gbà á, ó jẹ́ kí a máa kà lọ. Ìgbà tí Jákọ́bù bá wá tú ẹnu ni a óò tó mọ̀ pé àwa pẹ̀lú ti ṣe bí Lábánì: a ti ka iṣẹ́ ọdún méje sí ọjọ́ díẹ̀ torí pé òṣìṣẹ́ náà fẹ́ràn ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀gá tó ń rẹ́ni jẹ kò ní àwíjàre tó dùn mọ́ ọn tó èyí. Bí ọkàn òṣìṣẹ́ bá wà nínú iṣẹ́, wọn á ní iṣẹ́ náà kò ni ín lára.

Ẹran alámì

Lẹ́yìn tí Rákélì bí Jósẹ́fù, Jákọ́bù ní kí Lábánì jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Ó ti sin ọdún mẹ́rìnlá tán. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹran kan tó lè fà lókùn kó ní tòun ni. Lábánì bẹ̀ ẹ́ kó dúró: ó ní òun ti ṣe àyẹ̀wò, òun sì rí i pé nítorí Jákọ́bù ni Ọlọ́run fi bù kún òun. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí olówó ẹran yóò mọ̀ bó bá ka agbo rẹ̀ ni Lábánì ní òun fi àyẹ̀wò mọ̀. Ó gbà pé ìbùkún wọlé, kò gbà pé iṣẹ́ ló mú un wọlé. Jákọ́bù ló rán an létí: ohun díẹ̀ lo ní kí n tó dé, ó ti wá di ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìgbà wo ni èmi náà yóò wá nǹkan fún ilé tèmi?

Owó tí Jákọ́bù dá wá mú ọgbọ́n dání. Kò béèrè owó fàdákà. Ó ní kí ewúrẹ́ alámì àti onílà, pẹ̀lú àgùntàn tó bá dúdú, jẹ́ tòun. Ìyókù jẹ́ ti Lábánì. Ní ìhà ibẹ̀, dúdú ni ewúrẹ́ sábà máa ń jẹ́, funfun ni àgùntàn, nítorí náà èyí tó ṣọ̀wọ́n ló béèrè. Ó tún sọ ìdí rẹ̀: lọ́jọ́ tí Lábánì bá wá yẹ owó ọ̀yà wò, ẹran tí kò bá lámì nínú agbo Jákọ́bù, kí wọ́n kà á sí olè. Lẹ́yìn ohun tó rí lálẹ́ ìgbéyàwó, ó fẹ́ owó tí ojú lásán lè dá mọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀.

Lábánì ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló ya gbogbo ẹran alámì tó wà nílẹ̀ sọ́tọ̀, tó kó wọn lé àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì fi ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí àárín wọn àti Jákọ́bù. Bí akọ àti abo alámì bá ti lọ, níbo ni ọmọ alámì yóò ti jáde? Owó ọ̀yà ti kúrò nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Jákọ́bù ṣe lẹ́yìn náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ gan-an. Ó gé ọ̀pá igi pópílà, álímọ́ńdì àti pílénì, ó bó èèpo wọn ní ìlà funfun, ó sì kó wọn sínú ọpọ́n omi níbi tí ẹran ti ń gùn. Ìgbàgbọ́ ayé ìgbà náà ni pé ohun tí abo ẹran bá tẹjú mọ́ nígbà gígùn yóò hàn lára ọmọ. Ẹ̀kọ́ nípa àbímọ́ lónìí kò gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí Jákọ́bù ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn ìyàwó rẹ̀ ní orí 31, kò dárúkọ ọ̀pá rárá. Àlá ló sọ: áńgẹ́lì fi hàn án pé alámì ni gbogbo òbúkọ tó ń gùn. Àwọn onímọ̀ tó ń ya orísun Jẹ́nẹ́sísì sọ́tọ̀ sọ pé ìtàn méjì láti ọwọ́ òǹkọ̀wé méjì ni wọ́n dà pọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe wà níwájú wa, ìyàtọ̀ náà nítumọ̀: ohun tí ọwọ́ Jákọ́bù ṣe ni apìtàn sọ fún wa, ohun tí Ọlọ́run ṣe ni Jákọ́bù sọ fún àwọn ọmọ Lábánì tó fẹ́ kí wọ́n bá òun lọ.

Apìtàn sì tún tú àṣírí kan. Ẹran tó lágbára nìkan ni Jákọ́bù ń fi ọ̀pá náà sí níwájú. Èyí tó bá rọ, ó fi í sílẹ̀ fún Lábánì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Lábánì ń kùn pé ó ti kó ọrọ̀ bàbá àwọn, irọ́ pọ́ńbélé kọ́ ni wọ́n ń pa. Mo ka èyí sí ọlá fún ìtàn náà. Ó fi òṣìṣẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ hàn wá láì sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Níbi tí kò sí adájọ́ tó lè bá a gba owó rẹ̀, ọgbọ́n ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó máa fi ń gbà á, ọgbọ́n náà kì í sì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ìṣírò lórí òkè Gílíádì

Jákọ́bù sá lọ nígbà tí Lábánì ń rẹ́ irun àgùntàn. Lọ́jọ́ kẹta ni Lábánì gbọ́, ó fi ọjọ́ méje lépa rẹ̀, ó sì bá a lórí òkè Gílíádì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí ni: èé ṣe tí wọn kò jẹ́ kí òun fi orin, ìlù àti háàpù sìn wọ́n, èé ṣe tí wọn kò jẹ́ kí òun fẹnu ko àwọn ọmọ òun lẹ́nu? Lẹ́yìn náà ló béèrè òrìṣà ìdílé rẹ̀ tí Rákélì jí, tí Jákọ́bù kò mọ̀ sí. Ó tú àgọ́ kọ̀ọ̀kan, Rákélì jókòó lé òrìṣà náà nínú gàárì ràkúnmí, ó ní ohun tó ń ṣe obìnrin ń ṣe òun, Lábánì sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Ìgbà yìí ni Jákọ́bù bínú. Kó tó ka iṣẹ́ rẹ̀ rárá, ó ní kí Lábánì gbé ohun tó bá rí kalẹ̀ níwájú àwọn ará Lábánì àti àwọn ará tòun, kí wọ́n dájọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tó ṣàìní lálẹ́ ìgbéyàwó ló fi bẹ̀rẹ̀: ẹlẹ́rìí láti ìhà méjèèjì. Ó wá ka iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abo àgùntàn àti ewúrẹ́ Lábánì kò sọ oyún nù. Kò jẹ àgbò inú agbo. Èyí tí ẹranko bá fà ya, kò gbé e wá hàn. Òun ló fara mọ́ àdánù náà. Èyí tí wọ́n bá jí, lọ́sàn-án tàbí lóru, ọwọ́ rẹ̀ ni Lábánì ti ń gbà á.

Ẹni tí kò bá mọ òfin darandaran ayé àtijọ́ lè fo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. Òfin Hammurabi, ọba Bábílónì, tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta dúdú tí a wú jáde ní Súsà ní 1901, tó sì wà ní Louvre ní Paris báyìí, dá owó ọ̀yà darandaran ní òfin 261: ọkà gur mẹ́jọ lọ́dún. Òfin 266 ní bí kìnnìún bá pa ẹran nínú agbo, kí darandaran búra níwájú òrìṣà, olówó ẹran ni yóò gba àdánù. Òfin 267 ní bó bá jẹ́ àìbìkítà darandaran ló fà á, òun ni yóò san án. Ẹ́kísódù 22 sọ ohun tó fara jọ ọ́: bí ẹranko bá fà á ya, kí olùtọ́jú mú ìyókù rẹ̀ wá ṣe ẹ̀rí, kò ní san nǹkan kan. Wòlíì Ámósì jẹ́ ká mọ bí ẹ̀rí náà ṣe máa ń rí, nígbà tó sọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn tó yọ ẹsẹ̀ méjì tàbí ègé etí kan lẹ́nu kìnnìún.

Ègé etí kan ti tó láti gba darandaran sílẹ̀. Jákọ́bù lè mú un wá, kó sì bọ́. Ó ní òun kò mú un wá. Òun san án. Èyí túmọ̀ sí pé fún ogún ọdún, ẹrù tí òfin gbé ka olówó ẹran lórí, òṣìṣẹ́ ló ń rù ú. Ìyẹn ni gbólóhùn tó wúwo jù nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí ó kọjá ẹdùn ọkàn. Ó ń sọ fún àwọn tó jókòó níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn á mọ iṣẹ́ ẹran, iye tí Lábánì jẹ gan-an.

Ó wá ṣe àròpọ̀: ọdún mẹ́rìnlá fún ọmọbìnrin méjì, ọdún mẹ́fà fún ẹran, ìgbà mẹ́wàá tí owó ọ̀yà yí padà. Ẹ kíyè sí ọdún mẹ́rìnlá náà. Ọmọbìnrin kan ló béèrè, ọdún méje ló dá. Ó lè sọ pé ọdún méje ni Lábánì jí gbé. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Léà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, Jákọ́bù kò sì kà á sí àdánù.

Lábánì kò dá ìṣírò náà lóhùn. Kò jiyàn lórí ẹran tó ya, kò jiyàn lórí owó tó yí. Ó ní ọmọ òun ni àwọn ọmọbìnrin, ọmọ òun ni àwọn ọmọ, agbo òun ni agbo, gbogbo ohun tí Jákọ́bù ń wò, tòun ni. Nígbà tí ìwé owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹbí ló tún sá dì mọ́. Wọ́n kó òkúta jọ, wọ́n dá májẹ̀mú, ààlà àti ìtọ́jú àwọn ọmọbìnrin ló sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Mísípà, pé kí Olúwa máa ṣọ́ àárín èmi àti ìwọ, tí àwọn ìjọ ń fi súre fún ara wọn nígbà ìpínyà lónìí, ibẹ̀ ló ti wá. Ìkìlọ̀ ẹni méjì tí kò fọkàn tán ara wọn ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Lábánì fẹnu ko àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó gba ilé lọ. Apìtàn tó sọ fún wa pé ó fẹnu ko Jákọ́bù lẹ́nu lọ́jọ́ tó dé kò sọ pé ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yìí.

Àwọn tí ìṣírò náà kò kàn

Ìṣírò Jákọ́bù pé, ṣùgbọ́n kò kan gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́. Rákélì àti Léà ti sọ tiwọn nínú pápá kí wọ́n tó sá: wọ́n ní bàbá àwọn tà àwọn, ó jẹ owó àwọn tán, ó sì sọ àwọn di àjèjì. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Mesopotámíà àtijọ́, apá kan nínú owó orí máa ń padà sọ́wọ́ ìyàwó. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá ni owó orí tàwọn, inú agbo Lábánì ló sì wọ̀. Obìnrin méjì tí ìtàn yìí ti mú jowú ara wọn látìgbà pípẹ́ fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ló sì mú ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ti Bílíhà àti Sílípà tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni apìtàn fi sọ bí Lábánì ṣe fi wọ́n fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìránṣẹ́. Wọ́n bí Dánì, Náfútálì, Gádì àti Áṣérì, mẹ́rin nínú ẹ̀yà méjìlá Ísírẹ́lì. Ọ̀gá wọn obìnrin ló sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ. Ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu wọn nínú orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jákọ́bù tó ka ẹran tó ya kò ka iṣẹ́ wọn, májẹ̀mú Lábánì kò dárúkọ wọn. Nígbà tí Jákọ́bù sì fẹ́ pàdé Ésáù ní orí 33, tí ẹ̀rù ń bà á, àwọn ni ó tò síwájú pẹ̀lú ọmọ wọn, Léà tẹ̀ lé wọn, Rákélì àti Jósẹ́fù wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lánàá ti di ọ̀gá, ó sì ti mọ ẹni tí ọ̀gá máa ń fi ṣáájú ewu.

Ohun tí òfin kọ́ lára ìtàn

Àwọn Júù kò gbàgbé Lábánì. Nínú ètò alẹ́ Ìrékọjá, wọ́n kà á sí ẹni tó burú ju Fáráò lọ. David Daube, onímọ̀ òfin Bíbélì, fi hàn nínú ìwé tó ṣe ní 1963 lórí bátànì Ẹ́kísódù pé ìjáde Jákọ́bù kúrò ní Háránì àti ìjáde Ísírẹ́lì kúrò ní Íjíbítì bá ara wọn mu, ó sì fi òfin ìdásílẹ̀ ẹrú ṣe kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Òfin náà wà ní Diutarónómì 15. Bí ẹrú bá fi ọdún mẹ́fà sìn, ní ọdún keje kí ọ̀gá dá a sílẹ̀, kó má sì jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo: kó fún un láti inú agbo, láti ilẹ̀ ìpakà, láti ibi ìfúntí wáìnì. Ọwọ́ òfo yìí gan-an ni Jákọ́bù sọ lórí òkè pé òun ì bá fi lọ bí kò bá sí ti Ọlọ́run bàbá òun.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú òfin náà ni pé ó pe ẹrú ní arákùnrin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ẹbí tí Lábánì ń lò ló lò, ṣùgbọ́n ó yí i padà sí ìhà kejì. Lẹ́nu Lábánì, torí pé ẹbí mi ni ọ́, jẹ́ kí a fi owó sílẹ̀ ná. Nínú òfin, torí pé ẹbí rẹ ni, máa fi kún un. Òfin náà sì dárúkọ obìnrin pẹ̀lú ọkùnrin, ìyẹn àyè tí ìṣírò Jákọ́bù kò ní fún Bílíhà àti Sílípà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Hébérù ni òfin náà kàn, tí kò sì dájú pé àwọn méjèèjì ì bá wọ abẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìwàásù tó ń fi ìtàn yìí yin sùúrù òṣìṣẹ́ ń gba ti Lábánì láìmọ̀. Apìtàn kò yin sùúrù Jákọ́bù níbì kankan. Ohun tó fún láyè jù ni ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ tí sùúrù náà tán, pẹ̀lú ọdún, ẹran àti àdánù tí a kà níwájú ẹlẹ́rìí. Bí a bá fẹ́ kọ́ ìjọ ní nǹkan kan lára rẹ̀, kí a kọ́ àwọn tó ń gba ọmọ ẹbí síṣẹ́ pé kí wọ́n dá owó rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n ń ṣèlérí, kí wọ́n sì san án kó tó di pé wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí.